Ìdajì ti Ìkẹ́rẹ́, Ìdajì ti Ìsẹ̀

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ọjà wọ àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀ díẹ̀, yóò rí obìnrin kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Tíṣà Bámgbóyè, tí ó gbé òrùka igi lé orúnkún, tí ó na aṣọ funfun kan le lára òrùka náà, tí ó sì fi ètè méjèèjì di òwú mú. Bí a bá kí i, kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe adití. Òwú ni ó wà ní ẹnu rẹ̀. Ìgbà tí ó bá parí òdòdó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tó yọ òwú náà, tí yóò sì ké pe ẹni tí ó kí i, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ti rìn jìnnà: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ẹ má bínú, mo wà lọ́nà ni!" Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n a máa bojú wẹ̀yìn, a sì máa ṣe kàyéfì nípa ọ̀nà tí obìnrin tí ó jókòó sórí àpótí lè wà.

Sẹ̀gilọlá ni orúkọ rẹ̀. Àwa ọmọ àdúgbò ń pè é ní Màmá Nẹ́ẹ̀tì, nítorí pé nẹ́ẹ̀tì ni aṣọ tí ó fi ń ṣiṣẹ́, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olójú wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyàwó fi ń bo ojú wọ ilé ìjọsìn. Kò ní ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ kan àti òwú funfun ni ó fi ń ya ewé àti òdòdó sí i lára. Ó ń ṣe fìlà ìsàmì fún ọmọ ọwọ́, ó ń ṣe aṣọ tí wọ́n fi ń bo tábìlì Oúnjẹ Olúwa, ṣùgbọ́n ìbòjú ìyàwó ni a fi ń mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí ìjọba gbé ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ni ní Ìlasà, nẹ́ẹ̀tì bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí Ìkẹ́rẹ́, nẹ́ẹ̀tì bá wọn bọ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé ìyàwó méjì ni òun fẹ́, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan kì í sọ̀rọ̀, àti pé èyí tí kì í sọ̀rọ̀ ni ó ń gba àyè jù nínú yàrá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé láìsí àlàyé yẹn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ní yé ẹnikẹ́ni. Lára aṣọ mìíràn, ènìyàn lè kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì ya àwòrán kí ó tó fi abẹ́rẹ́ tọ ipa rẹ̀. Lára nẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀dì kò rí ibi tẹ̀. Àfi kí ènìyàn máa ka ojú aṣọ náà, kí ó mọ iye ojú tí òun yóò gbà kọjá kí òun tó ya òdòdó mìíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ni ó lè máa ka nǹkan láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ilé tí ewúrẹ́ ń wọ̀, tí ọmọ ń ké, tí àlejò ń dé? Dáraọlá, ìyá tí ó bí Sẹ̀gilọlá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Abigail, kò fi òǹkà kọ́ wọn. Orin kúkúrú kan ni ó fi kọ́ wọn, tí ó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá ti ń ti ojú kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni orin yóò máa lọ, níbi tí orin bá sì parí sí, ibẹ̀ ni òdòdó yóò wà. Nítorí òwú tí ó wà ní ètè, orin náà kì í jáde síta. Inú ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ọmọ́rìnsọ́lá ni àbíkẹ́yìn Sẹ̀gilọlá, òun nìkan sì ni obìnrin nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Adó. Nígbà náà, ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì ń gbé àga láti ilé wọn lọ sí ọ́fíìsì. Níbẹ̀ ni ó ti mọ Caleb, ọmọ Emùré tí ó ń kọ́ni ní Ìjàn, tí ó wá tọpa fáìlì rẹ̀, tí kò sì rí fáìlì náà títí di òní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Ọmọ́rìnsọ́lá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìdáná, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń gbé ẹyin.

"Mọ́mì, wọ́n ní ìbòjú kan ní Adó tó ń dán yanranyanran. Wọ́n á fi yá mi. Tó bá di ọjọ́ Ajé, màá dá a padà, ó parí."

"Ta ló ti wọ̀ ọ́ rí?"

"Àwọn ìyàwó bíi tèmi."

"Òógùn orí àwọn mélòó ló wà lára rẹ̀?"

"Mọ́mì! Wọ́n ń fọ̀ ọ́ o."

"Ìyá rẹ ń bo ojú ọmọ gbogbo ayé, ìwọ á wá lọ yá ti ẹlòmíì."

Ọmọ́rìnsọ́lá mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe pé mo kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí ni, kó má lọ jẹ́ pé kò ní parí. Ẹ gbọ́, ẹ ṣe é. Tó bá parí ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, tó sì dára, màá wọ̀ ọ́. Tí kò bá dára, màá gba Adó lọ. Ẹ má sì bú mi nígbà yẹn."

Sẹ̀gilọlá gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, ni pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ òun lọ́kàn láti ọjọ́ náà. Ojú wo ni òun yóò fi jókòó ní iwájú ìjọ, kí ọmọ tí òun bí máa bọ̀ lábẹ́ aṣọ àyálò?

Ìṣòro kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni ti àṣà. Nínú ìdílé wọn, ìyá kì í dá ìbòjú ọmọ rẹ̀ ṣe tán. Wọ́n gbà pé ìyá tí ó bá dá a ṣe, ó ti fi òwú náà so ọmọ mọ́ ilé ni, àti pé abẹ́rẹ́ láti ilé mìíràn ni ó gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Dáraọlá àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ jókòó sórí ẹní kan náà tí wọ́n ṣe ti Abigail àti ti Sẹ̀gilọlá. Abigail ti lọ sí ilé ọkọ ní Ìsẹ̀, ọkùnrin nìkan ni ó sì bí, nítorí náà àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà kò tíì jọ ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Sẹ̀gilọlá gé nẹ́ẹ̀tì kan sí méjì ní gígùn rẹ̀. Ó mú ìdajì, ó fi ìdajì ránṣẹ́ sí Ìsẹ̀. Ojú rírán yóò gba àárín orí ìyàwó kọjá, bí ìgbà tí a la irun sí méjì. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú rírán yìí, Sẹ̀gilọlá yóò ya ìlàjì òdòdó kọ̀ọ̀kan sí apá tirẹ̀, Abigail yóò ya ìlàjì kejì sí apá tirẹ̀, bí wọ́n bá sì so ó pọ̀, òdòdó yóò di odindi.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, awakọ̀ kan gbé ìdajì ti Ìsẹ̀ dé nínú àpò ìrọ̀rí. Sẹ̀gilọlá fọ ọwọ́, ó nu ún gbẹ, ó pe ọkọ rẹ̀ kí ó wá bá òun di etí kejì mú. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì. Òdòdó àkọ́kọ́, tí yóò wà ní iwájú orí, pàdé ara wọn bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Inú rẹ̀ dùn. Ó wo èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ìlàjì ti Ìkẹ́rẹ́ ti ṣáájú, ti Ìsẹ̀ wà lẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tí ó pẹ́ dé ìsìn. Èyí tí ó tún tẹ̀ lé e burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi dé ìsàlẹ̀, òdòdó ń wo ewé, ewé ń wo òfìfo.

"Bóyá o gbé e sódì," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó yí i padà. Ó tún burú sí i.

"Bóyá ó sún kì nínú omi."

Ó fi ojú aṣọ méjèèjì wé ara wọn. Wọn kò yàtọ̀.

"Ó dáa, bóyá Ìsẹ̀ ni kò fẹ́ràn Ìkẹ́rẹ́."

"Bàbá Rìnsọ́lá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sí pálọ̀."

Ó kọ́kọ́ rò ó pé ojú òun ni kò ríran mọ́. Ó gbé tirẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó fi abẹ́rẹ́ tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọ orin náà nínú. Kò sí ibi tí ó ti yẹ̀. Ó wá gbé ti Abigail, ó ń retí àtirí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fo ojú tàbí tí ó ti tún ojú gbà. Kò rí i. Àlàfo tí ó wà láàárín òdòdó kan àti èkejì ní apá ti Ìsẹ̀ gùn ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bákan náà ni ó rí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí gan-an ni ó dà á láàmú jù lọ. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe ni, ó yẹ kí ó rí wúruwùru. Ẹni tí ó ṣìnà kì í ṣi ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà. Ṣé Abigail mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Kí ni yóò tìtorí rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Ó rántí pé ní ọdún àjíǹde tí ó kọjá, òun kò lọ kí wọn ní Ìsẹ̀. Ó rántí pé Abigail kò bínú nígbà náà. Àbí ó bínú, òun ni kò fura?

Ọmọ́rìnsọ́lá ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mọ́mì, kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó dà bí ẹni tó wọ bàtà ọ̀tún sí òsì."

"Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Òní kọ́ ni Ọjọ́rú."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, Sẹ̀gilọlá ká ìdajì méjèèjì sínú àpò ìrọ̀rí náà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ̀. Ó bá Abigail níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Sẹ̀gi! Ìyá ìyàwó! Ṣé wọ́n ti lé ẹ kúrò nílé ni? Wọlé, wọlé, ulé rẹ ni."

"Àǹtí mi, ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nǹkan."

Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tẹ́ aṣọ lé e. Abigail bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Kí lo ṣe sí tìrẹ?" ni ó bèèrè.

"Tèmi kẹ̀? Tiyín ni mo gbé wá fún yín."

"Tèmi! Ṣé èmi lo wá kọ́ ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí? Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ títí ẹ̀yìn mi fi bó?"

"Ẹ pọ̀n mí, ẹ ò sì jù mí sílẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Kí lo wá sọ?"

"Mi ò mọ ohun tí mo sọ, Àǹtí mi. Ó dà rú mọ́ mi lójú ni. Mo wo tèmi, ó tọ́. Mo wo tiyín, ó tọ́. Mo gbé wọn pọ̀, kò tọ́."

Ìbínú Abigail rọlẹ̀. Ó wọ inú ilé, ó mú àjákù nẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó gé e sí méjì. Ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí olúkúlùkù ya òdòdó kan, kí ó rìn dé ibi òdòdó kejì. Wọ́n fi òwú sí ètè, wọ́n dákẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ ní àkókò náà yóò rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Sẹ̀gilọlá dé ibi òdòdó kejì tirẹ̀, ó dúró. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Abẹ́rẹ́ Abigail ṣì ń lọ. Ó ń lọ, ó ń lọ, kí ó tó dúró.

Sẹ̀gilọlá yọ òwú. "Ẹ ti fò ó kọjá."

"Mi ò fo nǹkan kan. Ìwọ lo yára dúró."

"Ojú mélòó lẹ kà?"

"Ta ló ń kà? Ṣé ìṣirò ni ìyá wa kọ́ wa?"

"Ẹ kọ ọ́ síta nígbà náà, kí n gbọ́."

Ojú ti Abigail. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọdébìnrin ni kò ti gbé orin yẹn jáde lẹ́nu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. "Ká jọ kọ ọ́," ni ó wí. Wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ ojú àjákù aṣọ náà:

*Abẹ́rẹ́ mi, wọlé, jáde,*
*Má fo ojú kan sílẹ̀,*
*Òdòdó ń bẹ níwájú.*

Sẹ̀gilọlá pa ẹnu dé. Abigail kò pa tirẹ̀ dé. *Òdòdó ń bẹ níwájú,* ni ó tún kọ, ìka rẹ̀ sì ń rìn lọ lára aṣọ.

"Ẹ dúró!"

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lo máa ń kọ ọ́ ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí inú Sẹ̀gilọlá dùn pé òun ti mọ ohun tí ó dé, ṣùgbọ́n ìdààmú tuntun ni ó bá a. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti aṣọ mọ́. Èwo ni ti ìyá wọn?

"Èmi ni àgbà," ni Abigail wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Èmi ni mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ẹ ti wà nílé ọkọ nígbà tí èmi àti wọn ṣì jọ ń jókòó."

"Bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n nígbà yẹn, ni wọ́n ṣe gé e kúrú."

"Bóyá ṣọ́ọ̀ṣì yín níbí ló kọ́ yín ní àtúnkọ. Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀, ẹ kì í fẹ́ kí orin parí."

Abigail fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Irọ́ kọ́ lo pa. A máa ń pẹ́ lórí ègbè lóòótọ́. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́, tẹ́ ẹ máa ń kánjú lọ sílé bí ẹni pé ẹ gbé ọbẹ̀ kaná?"

Kò sí ohun tí wọ́n lè fi wé e. Nẹ́ẹ̀tì kì í tọ́jọ́ bí òfì. Èyí tí ìyá wọn ṣe fún Abigail, eku ti jẹ ẹ́. Ti Sẹ̀gilọlá ni wọ́n fi bo àwọn ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀fọn má jẹ wọ́n, títí ó fi gbó tán. Sẹ̀gilọlá jókòó sórí ẹní náà, ó di ojú, ó gbìyànjú láti gbọ́ ohùn Dáraọlá. Bí ó bá rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni, ó ń gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá rò pé ẹ̀ẹ̀mejì ni, ó ń gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kedere, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ láàárín. Ó la ojú. Ohùn ara rẹ̀ ni ó ń gbọ́.

Abigail kó ẹ̀gúsí wọlé, ó wé gèlè, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Ọmọ kì í dúró de ìjà àgbà."

Wọ́n dé Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ sì tún wá yí padà. Ní Ìsẹ̀, olúkúlùkù di tirẹ̀ mú. Ní Ìkẹ́rẹ́, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Abigail ní kí wọ́n tú ti òun kí òun tún un yà, nítorí ọjọ́ ogbó lè mú kí ènìyàn fi nǹkan kún nǹkan. Sẹ̀gilọlá ní rárá, ti òun ni kí wọ́n tú, nítorí àbúrò ni ó máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní àbọ̀. Wọ́n jà sí i bí wọ́n ti jà sí ti àná, ṣùgbọ́n lódì. Níkẹyìn Sẹ̀gilọlá mú bíléèdì, ó gé òwú ewé kan ṣoṣo lára iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fà á. Nẹ́ẹ̀tì náà bá òwú jáde. Ihò kan là níbẹ̀, tí ìka lè wọ̀. Ó gbé bíléèdì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo itan. Kò sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó rán ihò náà pa, ó fi ewé kékeré kan bò ó, lẹ́yìn náà kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tún lè ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́rìnsọ́lá bá wọn nígbà tí ó ti Adó dé. Ó kúnlẹ̀ kí Abigail. "Màmá Ìsẹ̀, ẹ káàbọ̀, mà." Ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ọjọ́rú ti pé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò ní bú ẹ. Lọ sí Adó láàárọ̀ ọ̀la, kó o lọ yá èyí tó ń dán yẹn."

Ó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó ń fún ọmọ ní oògùn. Ọmọ́rìnsọ́lá kò kúrò lójú kan. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò fi tinútinú gbà rí pé kí ó lọ yá ti Adó, ó sì dà bí ẹni pé gbígbà náà ba ọmọ lẹ́rù.

"Èwo ni tiyín, èwo ni ti Màmá Ìsẹ̀?"

Wọ́n fi hàn án. Abigail bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ti orin, Sẹ̀gilọlá ń já a gbà, àlàyé náà kò sì yé ọmọ. Ó gbé ìdajì ti Ìkẹ́rẹ́, ó fi lé orí níwájú dígí, kí ó lè rí ohun tí wọ́n ń wí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní èkejì. Bí ó ti gbé e, kò kọ́kọ́ mú ti àkọ́kọ́ kúrò. Ó tẹ́ ti Ìsẹ̀ lé e, ó yí ẹ̀gbẹ́ tí ó ní ìlàjì òdòdó sí èjìká kejì. Ó dúró. Nítorí pé nẹ́ẹ̀tì kò bo nǹkan mọ́lẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ń hàn láti inú ti òkè, òdòdó Ìsẹ̀ sì bọ́ sí àlàfo òdòdó Ìkẹ́rẹ́, ó dà bí ọgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin nǹkan sí ní ìgbà méjì.

"Ẹ wá wò ó," ni ó wí.

Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n wò ó láti inú dígí. Abigail pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Sẹ̀gilọlá kò mọ ohun tí òun ń rí.

"Kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì lórí ìdajì ni."

"Mọ́mì, mi ò lọ sí Adó mọ́."

"A ò tíì so ó pọ̀. Kò pàdé níbì kan."

"Ẹ so ó níbi orí, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é? Àǹtí mi, ṣé a ti ṣe àṣà náà, àbí a ti bà á jẹ́?"

"Má bi mí," ni Abigail wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé tèmi ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Àgbà ló ń wà lókè."

"Lókè wo? Ta ni ìyá ìyàwó?"

Ọmọ́rìnsọ́lá ká aṣọ náà mọ́ àyà, ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láti inú ibẹ̀ ni ó ti ké jáde pé òun fúnra òun ni yóò so ó mọ́ kóòmù tí yóò fi há a mọ́ irun, àti pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní rí i mọ́ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ará Emùré jókòó sí ọ̀tún, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ sí òsì. Ọmọ́rìnsọ́lá wọlé lápá bàbá rẹ̀, òdòdó bo ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá ń wò ó láti ìjókòó iwájú. Omi dà lójú rẹ̀ ní àkókò tí kò tọ́, nígbà tí wọ́n ń ka ìkéde.

Ó wá di ìgbà tí Pásítọ̀ ní kí ọkọ ṣí ojú ìyàwó rẹ̀. Caleb fi ìka méjì-méjì gbé aṣọ náà, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìn, ó sì múra láti rí ìyàwó. Aṣọ mìíràn ni ó rí. Ó dá ọwọ́ dúró lófuurufú. Ó wo Pásítọ̀. Pásítọ̀ wo ìyàwó. Láàárín àwọn ará Emùré, ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ: "Caleb, o ò tíì débẹ̀ o!"

"Arákùnrin," ni Pásítọ̀ wí, "iṣẹ́ ṣì kù."

Ẹ̀rín gba ilé ìjọsìn náà kan. Caleb ṣí èkejì, ojú Ọmọ́rìnsọ́lá sì hàn, òun náà ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú òógùn lórí imú. Aṣọ méjèèjì ti papọ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀.

Abigail fi ìgúnpá tọ́ àbúrò rẹ̀. "Tìrẹ ló kọ́kọ́ ṣí, àbí tèmi?"

Sẹ̀gilọlá na ọrùn. Ó wo òdòdó, ó wo ewé, ó wo àlàfo wọn. Láti ibi tí ó jókòó, ọwọ́ kan náà ni ó dà bí ẹni pé ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ó wá ihò tí òun fi ewé bò ní Ọjọ́rú, kò rí i.

"Àǹtí mi, mi ò mọ̀."

"Ìwọ náà ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ rárá. Ẹ dìde, ẹ dìde, wọ́n ti ń kọrin."